Pupa Wo?

Ẹ fi ọkàn balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí: ẹnikẹ́ni kò kú nínú rẹ̀. Àga kan ló ba ayé ọkùnrin kan jẹ́, àga náà sì wà títí dòní, ara rẹ̀ le koko.

Ọkùnrin náà ni olórí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe. Olùdarí ni oyè rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó ní Olùdarí kò kún ẹnu, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Ọ̀gá Pátápátá. Bí ẹnìkan bá pè é ní Ọ̀gá lásán, kò ní dáhùn. Á ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ ga ju ti gbogbo èèyàn lọ. Kì í ṣe pé òun fúnra rẹ̀ ga. Ó ní oyè òun ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Ó ní òfin kan tó fẹ́ràn ju gbogbo òfin lọ: èèyàn lè bi í ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í bi í ní ìkejì. Ìbéèrè kìíní, ó ní, ìmọ̀ ni èèyàn ń wá. Ìkejì, àrífín ni. Àwọn òṣìṣẹ́ wá sọ ọ́ ní A-kì-í-bi-í lẹ́yìn. Nígbà tí ó gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé oríkì ni.

Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Pátápátá kiri ilé iṣẹ́ náà ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ lákòókò iṣẹ́. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Bí Ọ̀gá bá ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n gbé bàálù yẹn kúrò lójú mi," akọ̀wé á dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, á ní, "Ọ̀gá kí yín o. Wọ́n ní kí ẹ rọra fa bàálù yìí sábẹ́ ìbòji, kí oòrùn má ba táyà rẹ̀ jẹ́." Bí Ọ̀gá bá ní, "Ọ̀lẹ ni gbogbo wọn," akọ̀wé á ní, "Wọ́n ní kí ẹ máa sinmi dáadáa." Ọdún pọ̀ tí ó ti ń ṣe é báyìí. Ọ̀rọ̀ wíwọ́ á gba etí rẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ títọ́ á gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ilé iṣẹ́ náà ń lọ geere, Ọ̀gá sì gbà pé ọgbọ́n òun ni.

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n to àwọn àgbá ńláńlá sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ri àwọn ẹ̀yà ara bàálù bọ omi kí wọ́n tó kùn wọ́n lọ́dà. Alumíníọ̀mù ni wọ́n. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, ó dára fún ohun tó ń fò, ṣùgbọ́n bí nǹkan kan kò bá bò ó lára, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà pàápàá kò ní fẹ́ dúró lára rẹ̀. Omi inú àgbá àtijọ́ ní kúrómíọ̀mù nínú. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ á jáde ní pupa rẹ́súrẹ́sú, á máa dán. Omi wúrà ni wọ́n ń pè é. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé májèlé ni.

Akọ̀wé mọ èyí ju ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì lọ, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ló ń ṣiṣẹ́ nídìí àgbá náà. Egbò kéékèèké wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í jinná. Nígbà tó yá, dókítà tan iná sí imú rẹ̀, ó rí i pé ògiri tó pín ihò méjèèjì níyà ti lu.

"Mo ti ní fèrèsé nínú imú," ó sọ fún àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. "Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa. Ó ku kí n ra kọ́tìnì sí i."

Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kúrò níbi iṣẹ́. "Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní bí mo bá kúrò nídìí omi yẹn, kò ní tóbi jù báyìí lọ. Bí mi ò bá kúrò, ẹ̀dọ̀fóró ló kàn."

"Kí ló dé tí ẹ ò kúrò?"

"Kí n lọ síbo? Ṣé ọ̀gá ẹ ń wá akọ̀wé kejì ni?"

Ẹ ó rí ìdí tí inú akọ̀wé fi dùn nígbà tí ẹnjiníà gbọ̀ngàn náà mú omi tuntun dé, omi tí kò ní májèlé yẹn nínú. Ẹnjiníà yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ri awẹ́ alumíníọ̀mù bọ omi rẹ̀, ó gbé wọn sínú àpótí kan tí ìrì oníyọ̀ ń sẹ̀ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí àwọn èèyàn fi gbàgbé wọn. Nígbà tó kó wọn jáde, kò sí àpá kan lára wọn. Wọ́n dé àgbá àtijọ́ ní ìdérí, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sídìí tuntun. Kò pẹ́ púpọ̀ tí egbò ọwọ́ ẹ̀gbọ́n akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Nígbà tí Ọ̀gá Pátápátá gbọ́, ó tẹ olú ilé iṣẹ́ láago lójú ẹsẹ̀, ó sọ fún wọn pé òun ti ṣe àwárí kan. Inú wọn dùn. Wọ́n ní Alága fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó pẹ̀lú ayẹ̀wò kan, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kí bàálù tó fò, àti pé bí ọ̀rọ̀ bá rí bí Ọ̀gá ṣe wí, bàálù tó gbé wọn wá ni yóò gbé e lọ sí olú ilé iṣẹ́, sí ipò tó ga jù. Ọ̀gá di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tó di ẹrù tán, ó rántí pé ó yẹ kí òun lọ wo ohun tí òun ṣàwárí.

Ẹnjiníà fi ìkọ́ mú awẹ́ alumíníọ̀mù kan, ó rì í bọ inú àgbá, ó dúró díẹ̀, ó fà á yọ, ó fi omi ṣan án, ó gbé e síwájú Ọ̀gá.

Ọ̀gá wò ó. Ó yí i. Ó yí i padà.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ rì í bọ omi?"

"A ti rì í, sà."

"Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí?"

"Òun ni, sà."

"Ó rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀."

"Bó ṣe ń rí nìyẹn, sà. Omi tuntun kò ní àwọ̀. Ohun tó bò ó wà lára rẹ̀, ojú ni kò lè rí i."

"Ojú ta ni?"

Ẹnjiníà wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo ilẹ̀.

"Ojú tèmi, sà," ẹnjiníà ní.

"Tèmi ńkọ́?"

"Ó lè jẹ́ pé ti yín náà, sà."

Ọ̀gá gbé awẹ́ náà kalẹ̀. "Ohun tí ojú Ọ̀gá Pátápátá kò bá rí, kò sí níbẹ̀. Ṣé kí n gbé Alága wá láti ọ̀nà jíjìn kí n wá máa fi òfo hàn án? Kí ni ayàwòrán tó máa tẹ̀ lé e wá máa yà? Akọ̀wé."

"Sà."

"Gbọ́ ọ, kí o gbé e lọ. Gbogbo ohun tó bá máa wà lórí pèpéle lọ́jọ́ náà, kí wọ́n kùn ún ní pupa. Gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n sì fi aṣọ bò ó, mi ò fẹ́ rí i ṣáájú, kó lè yà mí lẹ́nu bó ṣe máa ya àlejò lẹ́nu. Bí àlejò bá ti lọ tán, kí wọ́n ṣí àgbá àtijọ́ padà, kí oníkálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bàálù kankan kò ní fò lórúkọ mi pẹ̀lú ohun tí mi ò rí."

"Sà?" ẹnjiníà ní.

"Ṣé ìbéèrè kejì nìyẹn?"

"Rárá, sà."

Ẹ̀yin náà ti mọ pupa tó ń wí. Pupa omi wúrà ni, pupa tó ń dán, tí ó mọ̀ láti ọjọ́ tó ti dé ilé iṣẹ́ náà. Akọ̀wé mọ̀ ọ́n. Ó ti ń tò ó lẹ́nu bó ṣe máa sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́dà: Ọ̀gá kí yín, wọ́n ní kí ẹ bá wọn wá ọ̀dà tó jọ wúrà.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. Obìnrin náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, níbi tí awọ tuntun ti ń yọ.

"Bí àlejò bá ti lọ tán," ó ní.

"Ohun tí wọ́n wí nìyẹn."

"Wọ́n ní kí wọ́n kùn ún ní kí ni?"

"Pupa."

"Pupa wo?"

"Ẹ mọ pupa tí wọ́n ń wí. Pupa bíi wúrà."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni màá sọ ọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ọmọ ìyá mi. Níbi iṣẹ́ wa, bí wọ́n bá kun nǹkan ní pupa, kí ló ń jẹ́?"

Akọ̀wé gbé ṣíbí kalẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yà bàálù tó bá ti bàjẹ́, pupa fòò ni wọ́n ń kùn ún, pupa bí ẹ̀jẹ̀, kí ẹnì kankan má baà ṣèèṣì gbé e padà sínú bàálù. Wọ́n á wá gbé e lọ sí ilé ẹrù tí a pa tì.

"Èmi ò sọ nǹkan kan o," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní. "Mo kàn ń béèrè ni. Èmi kì í ṣe ará ọ́fíìsì, mo lè béèrè ìkejì."

"Ẹ béèrè."

"Ta ló ní kí o máa tún ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ṣe?"

Akọ̀wé ronú títí. Ó ronú dé ọjọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́. Kò rí ẹnì kankan tó ní kó ṣe é.

Olórí àwọn ọlọ́dà ni wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-sà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò jiyàn rí. Akọ̀wé bá a nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá Pátápátá ní gbogbo ohun tó bá máa wà lórí pèpéle lọ́jọ́ àlejò, kí ẹ kùn ún ní pupa. Gbogbo ẹ̀. Kí ẹ sì fi aṣọ bò ó."

Bẹ́ẹ̀ni-sà dúró. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ọ̀gá máa ń ní ìyókù.

"Ó tán," akọ̀wé ní.

"Wọn ò kí wa?"

"Wọn ò kí yín."

"Pupa wo ni?"

"Pupa ni wọ́n wí."

"Èyí tó wà ní sítọ̀ ni ti ẹrù tí a pa tì."

"Mo gbọ́."

"Ṣé kí n lọ bi wọ́n?"

"Ẹ ti bi wọ́n ní ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ yìí. Ti àkàbà."

"Òótọ́ ni. Ti àkàbà." Bẹ́ẹ̀ni-sà họ orí. "Gbogbo ẹ̀ kẹ̀. Òdòdó inú ìkòkò ńkọ́?"

"Ṣé ó máa wà lórí pèpéle?"

"Ó máa wà níbẹ̀. Àga Ọ̀gá náà máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n máa tó gbé e dé, kò ní ráyè gbẹ."

"Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n wí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Pátápátá ṣe dé ibi tó ń lọ láìsí àtúnṣe, odindi, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó ni ín. Akọ̀wé ń ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nígbà tó ń padà lọ. Bí wọ́n bá lé e, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ máa wáṣẹ́.

Ọjọ́ náà pé. Àlejò jókòó níwájú: Alága, bàbá arúgbó kan tó máa ń sùn bí wọ́n bá ń yìn ín, àti ayẹ̀wò, obìnrin tó gbé àpò kékeré kan lé ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sẹ́yìn wọn. Aṣọ ńlá bo tábìlì lórí pèpéle. Lára ògiri lẹ́yìn tábìlì ni pátákó kan tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́: OHUN TÍ A BÁ KÙN NÍ PUPA KÒ GBỌ́DỌ̀ FÒ MỌ́ LÁÉLÁÉ. Oyè Ọ̀gá Pátápátá wà lábẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju òfin náà lọ.

Ọ̀gá wọlé nínú kóòtù funfun, ó ń juwọ́ sí èèyàn. Kò wo àga tó jókòó lé. Ọ̀gá Pátápátá kì í wo àga. Àga ló ń wá a. Gbogbo èèyàn rí i pé pupa fòò ni àga náà, àti òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tewé-tìtàkùn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè sọ ọ́ ni ìbéèrè.

Ó jókòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n lè rí i bó ṣe ń jókòó. Ó wá dìde.

"Alága wa, òkè ńlá tí òkè kékeré ń sá sábẹ́ rẹ̀," ó ní. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. "Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo wà nínú balùwẹ̀, ọṣẹ wà lójú mi, nígbà tí ìmọ̀ yìí sọ̀ kalẹ̀. Mo lè fi omi ṣan ojú. Mi ò ṣan ojú. Mo jẹ́ kí ọṣẹ ta mí. Mo ní ìyà tó bá yẹ kí ẹnì kan jẹ nítorí bàálù, èmi ni màá jẹ ẹ́. Omi wúrà ti pa àwọn òṣìṣẹ́ mi lára, àwọn ọmọ mi. Mo sọkún."

Akọ̀wé ló kọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì fi àlàfo sílẹ̀ fún ẹkún. Ọ̀gá lo àlàfo náà tán pátá.

"Ẹ máa rí pupa kan lónìí," ó ní, "tí ojú yín kò rí irú rẹ̀ rí."

Ó fa aṣọ. Ó ti ṣe ìdánrawò ìyàlẹ́nu níwájú dígí: ojú á là, ẹnu á yà, ọwọ́ á lọ sí àyà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ nígbà tí aṣọ ṣí kò yàtọ̀ sí ti dígí, àfi pé kò tètè kúrò níbẹ̀. Inú ayàwòrán dùn.

Gbogbo ẹ̀yà bàálù tó wà lórí tábìlì, àwọn tí ẹnjiníà ti rì bọ omi tuntun, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ayẹ̀wò wò wọ́n. Ó ka pátákó ara ògiri. Ó tún wò wọ́n.

"Ọ̀gá," ó ní.

"Pátápátá," Ọ̀gá ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọ̀gá Pátápátá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kùn wọ́n báyìí?"

Bó bá ní òun kọ́, a jẹ́ pé nǹkan kan lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ tirẹ̀. Ó na ọrùn. "Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí tí kì í ṣe èmi ni mo pa á láṣẹ."

"Kí ló dé?"

Ìkejì nìyẹn. Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í.

"Kó lè hàn," Ọ̀gá ní.

"Kí kí ni lè hàn?"

"Ohun tí kò hàn."

"Bí ẹ bá kun ohun tí kò hàn, ṣé òun ló hàn, àbí ọ̀dà?"

Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé. Kò mọ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn dà bíi pé ọ̀rọ̀ òun máa ń tọ́ bí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́, bó ṣe yẹ lákòókò iṣẹ́.

"Kí ló wà nínú omi tuntun yìí?" ayẹ̀wò béèrè.

"Ọgbọ́n."

"Àti kí ni?"

"Omi."

Ayẹ̀wò ṣí àpò rẹ̀. Ó mú abẹ kékeré kan jáde, ó fi fa ilà wínníwínní sára ọ̀dà ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà náà, ní òòró àti ní ìbú. Ó lẹ téèpù mọ́ ọn, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó fà á kúrò. Ó gbé téèpù náà sókè: kò sí ọ̀dà kankan lára rẹ̀. Ó ṣe òmíràn. Bákan náà.

"Ọ̀dà ẹrù tí a pa tì," ó ní. "Ọ̀dà tó burú jù ní sítọ̀. Ẹ sì kùn ún pẹ̀lú ìkánjú. Kò ṣí." Ó wo ẹnjiníà, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. "Omi yín ń ṣiṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa kó májèlé àtijọ́ yẹn jáde?"

Ẹnjiníà wo ilẹ̀. Akọ̀wé náà wo ilẹ̀. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́, obìnrin kan dìde.

"Wọ́n ní kí a ṣí i padà bí ẹ bá ti lọ tán, mà."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí," ẹ̀gbọ́n akọ̀wé ní, "tí kì í ṣe àwọn ló pa á láṣẹ."

Ọ̀gá Pátápátá yí ẹ̀yìn sí àlejò kó lè fi oyè rẹ̀ tó wà lára ògiri han ẹni tó sọ̀rọ̀ náà. Àṣìṣe rẹ̀ tó kẹ́yìn nìyẹn. Ìdí kóòtù funfun náà pupa fòò, ó rí roboto, ó mú àwòrán àga náà wá pérépéré.

Alága jí. "Kí ló wà ní ìdí rẹ̀?"

"Ọ̀dà ni, sà," ayẹ̀wò ní.

"Ṣebí ẹ ní ọ̀dà náà kì í ṣí."

"Àga kò wọ inú omi tuntun, sà," ẹnjiníà ní. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tó sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. "Wọ́n kàn kùn ún lásán ni, kò sì tíì gbẹ."

"Ẹ ṣeun," ayẹ̀wò ní. "A ti rí méjèèjì, èyí tó wọ inú omi àti èyí tí kò wọ̀ ọ́."

Alága wo pátákó ara ògiri. Ó rọra kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wo Ọ̀gá lẹ́yìn. Ó tún kà á.

"Ta ló ṣe òfin yìí?"

"Èmi ni, sà," Ọ̀gá ní.

"Òfin tó dára ni," Alága ní. "A ò ní rú u."

Wọ́n sọ ẹrù Ọ̀gá kalẹ̀ láti inú bàálù ní ọ̀sán ọjọ́ náà, bàálù sì gbéra láìsí i. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń palẹ̀ májèlé mọ́ wá fa omi wúrà lọ, wọ́n gé àgbá rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé tún lọ rí dókítà. Dókítà ní fèrèsé náà kò tóbi sí i, ṣùgbọ́n kò ní dí mọ́.

"Ẹ jẹ́ kó wà," obìnrin náà ní. "Ilé tí kò ní fèrèsé, ooru ló ń pa onílé."

Ọ̀gá Pátápátá ni wọ́n fi ṣe olórí ilé ẹrù tí a pa tì. Wọ́n gbé àga pupa náà tẹ̀ lé e, nítorí òfin kò gbà kó wà níbòmíràn. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kúrú. Èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé, toyè-toyè. Nígbà tí akọ̀wé gbé ẹrù wá fún un lọ́jọ́ kan, ó bá a lórí àga rẹ̀, láàárín ìyẹ́ bàálù tó tẹ̀ àti ilẹ̀kùn tó ya.

"Akọ̀wé."

"Sà."

"Lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n kùn ún ní pupa, kí ló dé tí o ò bi mí pé pupa wo?"

"A kì í bi yín, sà."

Ọ̀gá ronú sí i. Ó la ẹnu láti bi í ní òmíràn. Ó rántí pé ìkejì ni yóò jẹ́, ó sì pa á dé.